Ooru Kan, Ọ̀nà Méjì: Ìtọ́jú Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré

Ẹ́ńjìnì písítìnì ni ẹ́ńjìnì tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń jóná nínú ihò róbótó tí wọ́n ń pè ní sílíńdà, tí agbára ìjóná náà sì ń ti písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ihò ọ̀hún, títí tí yóò fi yí ọ̀pá kírànkì po. Irú ẹ́ńjìnì yìí ló wà lára ọ̀kadà tó ń gbé èrò láti Fìdítì sí Ìlọra, òun ló wà nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń kùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló sì wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ òfurufú fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣí ti ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀ níwájú mẹkáníìkì ọ̀kadà, yóò dá púpọ̀ nínú ohun tó bá rí mọ̀. Ohun tí kò ní bára mu ni ìyà tí àṣìṣe ń mú wá, nítorí ọ̀kadà tó bá kú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ yóò rí ẹ̀bá títì dúró sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀bá títì lójú ọ̀run.

Lára ibi tí wọ́n ti ń lo irú ẹ́ńjìnì yìí ní Nàìjíríà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, tí ọkọ̀ TB-9 àti TB-20 ti ilé iṣẹ́ Socata ní ilẹ̀ Faransé sì ti jẹ́ ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì TB-9 ni Lycoming O-320, tí wọ́n ṣe ní Williamsport, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, tó sì ní agbára ẹṣin 160. Lẹ́tà O inú orúkọ náà ń sọ pé ńṣe ni àwọn sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dùbúlẹ̀, tí méjì kọjú sí ọ̀tún, tí méjì kọjú sí òsì, nígbà tí 320 ń sọ iye àyè, ní ìwọ̀n íńṣì kúbíìkì, tí àwọn písítìnì ń gbá mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá lọ láti òpin kan dé òpin kejì. Air Beetle tí ilé iṣẹ́ AIEP ti àwọn ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà tò ní Kàdúná ní ìparí àwọn ọdún 1980, lórí àwòṣe RV-6A ti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì Lycoming ló gbé e fò pẹ̀lú. Òótọ́ ni pé ayé ń yí padà: lára àwọn ọkọ̀ Diamond tí ilé-ẹ̀kọ́ òfurufú ń rà nísinsìnyí, àwọn kan wà tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ ti dísù, tí omi ń tù ú lára, tó ń jó Jet A-1 tí bàálù ńlá ń jó, tí kò sì ní pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Àlàyé tó wà níhìn-ín kò kan ìyẹn. Ti ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń tù lára ni, nítorí òun ni ọwọ́ mẹkáníìkì ṣì ní agbára lé lórí jùlọ.

Nínú ooru tí epo ń mú jáde nínú sílíńdà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ló ń di iṣẹ́ tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀. Èyí tó kù ń bá èéfín jáde tàbí kí ó wọnú irin, èyí tó sì wọnú irin ni ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde kíákíá, nítorí alumíníọ̀mù ni orí sílíńdà, agbára alumíníọ̀mù a sì máa dínkù bí ó bá ti ń gbóná, kí ó tó dé ibi tí yóò ti yọ́ rárá. Lycoming fi 260 dígírì lórí ìwọ̀n Celsius ṣe òpin ooru tí orí sílíńdà kò gbọdọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé bí ó bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnì pẹ́ lọ́wọ́ òun, kí ó jẹ́ kí ooru náà wà ní nǹkan bí 205 tàbí kí ó rẹlẹ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń fò ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ̀rọ dísù tí wọ́n fi ń lọ ata tàbí ẹ̀gẹ́ ń yanjú ọ̀rọ̀ ooru tirẹ̀ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù omi tó dúró tì í. Omi wúwo, páìpù a máa jò, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kékeré fi yan afẹ́fẹ́. Wọ́n yí sílíńdà ká pẹ̀lú àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó dà bí lẹbẹ ẹja, tí wọ́n tò mọ́ra wọn gádígádí, kí ooru lè rí ojú púpọ̀ tí yóò gbà bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó ń kọjá.

Ibi tí àṣìye ti ń wọlé nìyí. Ẹni tó ń wo lẹbẹ wọ̀nyí lára ọ̀kadà, níbi tí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ti ń fẹ́ sí wọn gbangba, lè rò pé ohun tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú nílò kò ju kí ihò tó wà níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tóbi lọ. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn kan tú páànù tó bo fáànù jẹnẹrétọ̀ kékeré sọnù, wọ́n ní kí ó lè rí atẹ́gùn, tí jẹnẹrétọ̀ náà á sì wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí páànù tí wọ́n pè ní ìdènà yẹn gan-an ló ń darí afẹ́fẹ́ fáànù gba ara sílíńdà kọjá. Afẹ́fẹ́ dà bí omi òjò tó ń wá ojú ìṣàn: ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò gbà, àárín lẹbẹ tín-ín-rín kò sì rọrùn láti gbà. Bí kò bá sí ohun tó fipá mú un wọ ibẹ̀, yóò yí ẹ́ńjìnì ká, yóò sì bá tirẹ̀ lọ láì gba ooru kankan dání.

Ohun tó ń fipá mú un ni páànù ìdarí, ìyẹn àwọn alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí wọ́n gé, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì fi bóòtù dè mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti àárín àwọn sílíńdà, títí tí òkè ẹ́ńjìnì fi di yàrá kan tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe àjà fún. Afẹ́fẹ́ tó bá ihò méjì iwájú wọlé á kún yàrá yìí, kò ní rí ibi tí yóò gbà jáde àyàfi kí ó wálẹ̀ gba àárín àwọn lẹbẹ kọjá sí abẹ́ ẹ́ńjìnì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lágbára tó ti òkè. Ìyàtọ̀ agbára láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ yìí ni gbogbo ohun tó ń tu ẹ́ńjìnì lára, ó sì kéré débi pé bí wọ́n bá fi gíláàsì omi wọ̀n ọ́n, omi náà kò ní gbéra ju íńṣì mélòó kan lọ. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé agbára kékeré ni, ihò kékeré lè pa á.

Ihò tó léwu jù sì wà níbi tí páànù ìdarí ti fẹ́ pàdé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páànù kò lè kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, nítorí orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnì jókòó lé, ó ń gbọ̀n, ó sì ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí wọ́n bá ṣíná rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá pa á, bí irin bá sì ń fi ara ha bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú wọn yóò ya. Wọ́n á wá fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì fi rọ́bà ìdènà dí i, ìyẹn ọ̀já sílíkónì tó rọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ etí páànù yípo. Bí ọ̀já yìí ṣe dojú kọ ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kí ó tẹ̀ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kún, kí ó lè jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń le sí i ni yóò máa tẹ rọ́bà náà mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sí i, gẹ́gẹ́ bí ìjì ṣe ń ti ilẹ̀kùn tó ṣí sínú pa mọ́ férémù rẹ̀ látinú yàrá. Bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ kan náà yóò ṣí i bí aṣọ fèrèsé, yóò sì gba ibẹ̀ sá lọ. Ohun tó sì máa ń yí i sẹ́yìn kò ju ìkánjú ẹni tó ń dé bọ́nẹ́ẹ̀tì padà lọ: ó gbé e lé e lójijì, apá kan rọ́bà ká sódì lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè fi èyí hàn láti ìta mọ́.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba ohun èlò olówó iyebíye. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá wà ní ṣíṣí, mẹkáníìkì yóò wo inú rẹ̀ bóyá ojú ibi tí rọ́bà ti ń fara kàn án mọ́lẹ̀ dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; ibi tí ipa náà bá ti dá lójijì, tí èérí tàbí àmì èéfín sì ti gba ibẹ̀ fẹ́, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jò. Bí ó bá dé bọ́nẹ́ẹ̀tì tán, á ki iná tọ́ọ̀ṣì bọ abẹ́, á sì gba ihò iwájú wòkè, nítorí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, afẹ́fẹ́ yóò yọ níbẹ̀. Rọ́bà tó ti gan, tó ya, tàbí tó ti wú nítorí ọ́ìlì, pípààrọ̀ ló tọ́ sí i. Àlàfo kéékèèké láàárín páànù méjì tàbí ní ìdí bóòtù ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù sílíkónì tó ń fara da ooru dí. Páànù kékeré tó wà ní abẹ́ àti àárín àwọn sílíńdà, tí ojú kì í tètè tó, gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ lẹbẹ típẹ́típẹ́, ó sì yani lẹ́nu bí ó ti wọ́pọ̀ tó pé kí wọ́n gbàgbé wọn nígbà tí wọ́n bá tú sílíńdà kan tí wọ́n sì dá a padà.

Ilẹ̀ olóoru ní ìyọnu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè di ilé ẹyẹ, kí koríko dí gbogbo yàrá òkè ẹ́ńjìnì, kí agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé sì dí ihò tóóró tóóró tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa dara pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tó bá ta sára lẹbẹ, á di ẹrẹ̀ gbígbẹ tó bo irin náà bí aṣọ òtútù, bẹ́ẹ̀ ìgbà òtútù àárọ̀ ọyẹ́ ni awakọ̀ sì lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ooru ti kúrò nílẹ̀. Orí ilẹ̀ pàápàá, ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí iná ńlá, ó sì yẹ kí wọ́n kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, nítorí abẹ̀bẹ̀ nìkan kò lè fi afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó ránṣẹ́ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ọkọ̀ kò bá rìn.

Yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ tó ń jò, ọ̀nà kejì tí ooru ń gbà pọ̀ jù nínú irin ni táímíìnì, ìyẹn àsìkò tí pílọ́ọ̀gì ń ta iná sínú sílíńdà. Epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Iná náà ń rìn láti ojú pílọ́ọ̀gì lọ sí ògiri kejì, ìrìn yìí sì ń gba àkókò. Nítorí náà, wọ́n ń ta iná kí písítìnì tó dé òkè pátápátá, kí agbára ìjóná lè dé góńgó nígbà tí písítìnì ti ṣẹ́rí padà díẹ̀. Lára O-320, 25 dígírì nínú ìyípo kírànkì ṣáájú òkè ni wọ́n fi í sí. Bí ẹ́ńjìnì náà bá ń yí ní ìgbà 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, 25 dígírì kò tó ìdá méjì nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná bá ta ṣáájú èyí, ìjóná yóò bá písítìnì lójú ọ̀nà nígbà tó ṣì ń gòkè bọ̀, yóò sì máa tì í padà. Agbára inú sílíńdà yóò ga ju bó ti yẹ lọ, ooru yóò sì wọnú irin. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó ta, písítìnì ti ń sá lọ kí iná tó lé e bá, agbára á sọnù, ooru á sì bá èéfín jáde.

Ohun tó ń pèsè iná yìí ni màgínẹ́tò, ẹ̀rọ kékeré tí irin òòfà ń yí nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n wé, tó sì ń mú iná mànàmáná jáde láìgba ohunkóhun lọ́wọ́ bátìrì. Ẹ́ńjìnì tí Charles Taylor bá àwọn Wright ṣe, tó gbé ọkọ̀ wọn fò ní ọjọ́ 17 oṣù Disẹ́ńbà 1903, màgínẹ́tò ló ń ta iná sí i, ìdí tí ó sì fi wà títí dòní kò ṣòro láti mọ̀: bí gbogbo iná ọkọ̀ bá kú, ẹ́ńjìnì kò ní kú. Méjì ni wọ́n ń gbé sára ẹ́ńjìnì kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní pílọ́ọ̀gì méjì, ọ̀kan fún màgínẹ́tò kọ̀ọ̀kan. Nínú màgínẹ́tò ni kọ́ńtáàtì wà, irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń ṣí. Ìgbà tó bá ṣí gan-an ni iná ń ta. Bí ìdí tí ọ̀pá ń fara ha bá ti ń jẹ, kọ́ńtáàtì yóò máa pẹ́ ṣí, táímíìnì yóò sì máa fà sẹ́yìn; bí ojú irin méjèèjì bá sì ni iná ń jẹ, yóò máa tètè ṣí. Ìdí nìyí tí táímíìnì tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án fi lè yẹ̀ fúnra rẹ̀, tí àwọn tó ń ṣe màgínẹ́tò sì ń béèrè pé kí wọ́n tú u wò ní gbogbo 500 wákàtí.

Kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun kan tó yàtọ̀ sí iná ilé. Bí wáyà iná ilé bá já, iná kú; ṣùgbọ́n wáyà tó ti inú bọ́tìnì awakọ̀ lọ sí màgínẹ́tò, pípa ló wà fún, kì í ṣe títàn, nítorí ńṣe ló ń da iná náà sí ara irin ẹ́ńjìnì kí ó má baà dé pílọ́ọ̀gì. Bí ó bá já, màgínẹ́tò yóò wà láàyè bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnì wà ní pípa, abẹ̀bẹ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ yí díẹ̀ lè gbéra lójijì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yọ àwọn pílọ́ọ̀gì òkè kúrò kí iṣẹ́ táímíìnì tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi àtàǹpàkò dí ihò pílọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní, tó wà níwájú lápá ọ̀tún, wọ́n á sì rọra máa yí abẹ̀bẹ̀ sí ọ̀nà tó máa ń yí sí, títí tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa ti àtàǹpàkò náà, èyí tó ń sọ pé písítìnì ń gòkè láti fún epo pọ̀ kì í ṣe láti lé èéfín jáde. Àmì 25 wà lára wílì onéyín tí sítátà ń yí, ihò wínńíwínní kan sì wà lójú sítátà; ìgbà tí àmì bá ko ihò lójú ni kírànkì wà níbi tó yẹ. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ kì í kàn yí i dé ibẹ̀ kí ó dúró. Á kọ́kọ́ dá a padà kọjá àmì náà díẹ̀, á sì tún bá a bọ̀ síwájú, kí àlàfo tó wà láàárín eyín gíà sí gíà lè parẹ́, nítorí àlàfo yẹn nìkan lè ṣi dígírì jẹ. Á wá so àpótí kan tó ní iná kéékèèké méjì mọ́ àwọn màgínẹ́tò, á dẹ nọ́ọ̀tì wọn, á sì máa yí ara màgínẹ́tò kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ títí iná rẹ̀ yóò fi fi hàn pé kọ́ńtáàtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Iná méjèèjì gbọ́dọ̀ dáhùn pọ̀. Bí ó bá mú nọ́ọ̀tì le tán, á tún yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mímú nọ́ọ̀tì le a máa sún màgínẹ́tò kúrò ní àyè rẹ̀ ju bí ènìyàn ti rò lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka rọ́bà ìdènà sí iṣẹ́ lébìrà, wọ́n sì ń ka táímíìnì sí iṣẹ́ ọ̀gá. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ooru kan náà ni méjèèjì ń bá wọ̀jà, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń pàdé, ìyẹn orí sílíńdà. Táímíìnì tó yá ju bó ti yẹ pẹ̀lú dígírì mélòó kan lè má tètè hàn lára ẹ́ńjìnì tí rọ́bà rẹ̀ pé, rọ́bà tó ya díẹ̀ náà sì lè máa bá táímíìnì tó péye gbé. Ṣùgbọ́n bí àléébù méjèèjì bá wà lára ẹ́ńjìnì kan lọ́sàn-án gangan, tí ọkọ̀ sì ń gùnkè lọ láìyára, epo tó kù nínú sílíńdà lè bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà dípò kí iná rìn la á já. Ìbúgbàù yìí a máa gbá afẹ́fẹ́ tí kò gbóná tó ti àárín, tó rọ̀gbà yí ògiri sílíńdà ká, kúrò, ooru á sì ya wọnú irin. Epo avgas 100LL, pẹtiróòlù ọkọ̀ òfurufú tó ní òjé díẹ̀ nínú, wà láti fara da èyí, òjé yẹn náà ló sì ń dí ojú pílọ́ọ̀gì pa, kò sí oore tí kò ní gbèsè tirẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ní aago fún ooru orí sílíńdà àti aago fún ooru èéfín, ó ṣeé ṣe láti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Táímíìnì tó yá ń gbé ooru orí sílíńdà sókè, ó sì ń fa ti èéfín wálẹ̀, nítorí ooru tí ì bá bá èéfín jáde ti wọnú irin. Rọ́bà tó ya kò mọ ohunkóhun nípa ìjóná. Ó ń gbé ooru orí sílíńdà sókè nìkan, èéfín á sì dúró níbi tó wà. Bí sílíńdà kan ṣoṣo ló bá gbóná, páànù ìdarí rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bí gbogbo wọn bá gòkè pọ̀, tí èéfín sì rọlẹ̀, màgínẹ́tò ni.

Àyẹ̀wò mìíràn wà tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe kí ó tó gbéra. Yóò pa màgínẹ́tò kan, yóò wo bí ìyípo ṣe dínkù, yóò tan án padà, yóò sì pa èkejì. Lycoming gbà pé kí ohun tó dínkù má ju ìyípo 175 ní ìṣẹ́jú kan lọ, kí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì má sì ju 50 lọ. Bí ó bá dínkù pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì, pílọ́ọ̀gì tó dọ̀tí ló máa ń fà á. Bí ó bá dínkù púpọ̀ ṣùgbọ́n tó ń kùn létòlétò, táímíìnì lè ti pẹ́. Èyí tó ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú dùn ni èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n jù, ìyẹn kí ó má dínkù rárá, nítorí ó lè jẹ́ pé wáyà ìpaná ti já, tàbí pé táímíìnì ti yá jù.

Gbogbo èyí ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo 100 wákàtí tí ẹ́ńjìnì bá fi ṣiṣẹ́, àti lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bí wákàtí kò bá tilẹ̀ pé, mẹkáníìkì tó ní ìwé àṣẹ ló sì ń buwọ́ lù ú nínú ìwé ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Kò sí àyè fún "ẹ jẹ́ ká máa mánéèjì ẹ̀ ná" nínú ìwé náà. Bí wọ́n bá ti dé bọ́nẹ́ẹ̀tì padà, tí wọ́n ti fi ìka tọ rọ́bà yípo láti rí i pé kò sí èyí tó ká sódì, wọn á gbé ọkọ̀ náà fò fún ìgbà díẹ̀, wọn á sì kọ ooru sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀kẹta bá fi dígírì mẹ́wàá ju ohun tó wà nínú ìwé oṣù tó kọjá lọ, tí àwọn mẹ́ta tó kù sì wà níbi tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì tún bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí.